Ìràwọ̀ tí mo fi bo NIN nínú Excel ò fẹ́ dúró

Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kubwa, l'Abuja níbí. NIN èèyàn 64 wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà 11 gbáko. Alága ní kí n fi lísìtì sórí WhatsApp ẹgbẹ́, kí 4 tó kẹ́yìn nìkan hàn.

Mo kọ́kọ́ fi kọ́lọ́ọ̀mù C pamọ́. Akápò tẹ Unhide lójú mi, ó tún ń rẹ́rìn-ín! Mo wá kọ =REPT("*",7)&RIGHT(C2,4) sí D. *******4821 jáde, inú mi dùn. Àfi bí mo ṣe pa C rẹ́ tí gbogbo D di #REF!.

Báwo ni ìràwọ̀ yẹn ṣe máa dúró, tí odindi NIN ò sì ní sí níbì kankan nínú fáìlì tí mo bá fi ránṣẹ́?