Ilé tó pẹ́ jù ní St. Augustine: òkúta nísàlẹ̀, pákó lókè

Bíríkìlà: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dé Florida, ẹ yà sí ilé González-Alvarez ní St. Francis Street. Ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ lọ o, ògiri ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Coquina ni: ìkarahun wẹ́wẹ́ inú òkun tó lẹ̀ mọ́ra di òkúta. Erékùṣù Anastasia ni wọ́n ti ń gé e. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílẹ̀, omi wà lára ẹ̀, ó rọ̀, àáké ń wọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó le, ká tó fi mọlé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti Carolina ló jó ìlú St. Augustine ní 1702. Odi ogun tí wọ́n fi coquina mọ ò jóná. Nǹkan bí 1723 ni Tomás González, ọmọ ogun Spain tó wá láti Canary Islands, ní ilé yìí.

Káfíńtà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fo òkè. Nígbà ayé González, ilé náà ò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní 1763 tí Spain fi Florida sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé náà kó lọ sí Cuba. Joseph Peavett tó rà á ní 1775 ló fi pákó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, ó fi gíláàsì sí fèrèsé, ó sì ṣe ààrò ìyáná. Geronimo Alvarez tó ń ṣe búrẹ́dì wá rà á ní gbàǹjo ní 1790. Ẹni tó bá ń pe gbogbo ẹ̀ ní ilé 1723, ìdajì òótọ́ ló ń sọ.

Ọmọṣẹ́: Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ló dé tí wọ́n fi rẹ́ ẹ, tí òkúta ò hàn síta?

Bíríkìlà: Coquina ń mumi bíi kànrìnkàn. Ẹfun tí wọ́n sun láti ara ìkarahun oyster ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, torí ẹfun ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Bí ẹ bá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi á há sẹ́yìn, òkúta á máa rún bí iyẹ̀fun, símẹ́ǹtì á sì ṣí lódindi. Ilẹ̀ ilé náà, tabby ni: ẹfun, iyanrìn àti ìkarahun fífọ́, òṣùwọ̀n kan náà, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á gbá a mọ́lẹ̀. Ẹ fọ iyọ̀ kúrò lára iyanrìn òkun àti ìkarahun o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ náà ò ní gbẹ láé.

Káfíńtà: Bí omi òkun bá sì kún wọlé, ìgbà tí ògiri bá ń gbẹ ni iyọ̀ á yọ funfun sójú ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, gbígbẹ, ni kẹ́ ẹ fi gbá a kúrò. Ẹ má da omi sí i, iyọ̀ á tún padà wọ inú ògiri.