Dísù dì mọ́ mi nínú tánkì ní Minnesota, ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà tẹ́ ẹ wà nílùú òtútù, ẹ kú iṣẹ́ o. Òtútù ibí dé -28°C lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni dísù mi bá dì bí òrí ìgbà ọyẹ́. Ìda inú rẹ̀ dí fílítà pa, ẹ́ńjìnnì ò jí. Mo mọ̀ pé dísù No. 1 (èyí tó fúyẹ́, tó wà fún ìgbà òtútù) kì í tètè dì bíi No. 2 (èyí tá a sábà máa ń lò), àmọ́ No. 1 wọ́n. Ṣé ìlàjì-ìlàjì lẹ ń pò wọ́n pọ̀ ni, àbí oògùn tí wọ́n ń dà sí i kí òtútù tó mú ti tó? Kẹrosíìnì ńkọ́? (Èyí tí wọ́n pa láró pupa torí pé wọn ò san owó orí lé e kọ́ o, òfin ò gbà á lójú títì.) Wọ́n ní kẹrosíìnì lè jẹ páǹpù tó ń fa dísù. Ṣé lóòótọ́ ni?