Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́: ṣé wọ́n ń fún fídíò lọ́rùn ni, àbí èrò ló pọ̀?

Ọmọ Ọbańta: Ẹ kú ọjọ́ o, ará Ìjẹ̀bú, ará Rẹ́mọ. WhatsApp ń lọ geere, fídíò ń yípo lójú kan, bẹ́ẹ̀ 20 Mbps ni àyẹ̀wò ìyára ń gbé jáde. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dá fídíò nìkan dúró? Ẹ sọ ohun tójú yín ti rí.

Wáyà Ṣàgámù: Ẹ fi Speedtest wọn ìyára, kẹ́ ẹ lo fast.com tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, síìmù kan náà, orí ìjókòó kan náà. Ọ̀dọ̀ Netflix tó ń gbé fíìmù jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni fast.com ti ń fa dátà, ẹni tó bá ń dín fídíò kù á sábà dín òun náà kù. Bí àkọ́kọ́ bá gbé 20, tí èkejì gbé 2, ẹ tan VPN, áàpù tó ń gbé dátà yín gba ọ̀nà míì ní bòókẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ tún fast.com ṣe. Bó bá fò sókè, ọwọ́ ẹnì kan wà ńbẹ̀, torí VPN kì í jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò.

Kò-tètè-gbà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì dájọ́. Ó lè jẹ́ ọ̀nà tó já sọ́dọ̀ Netflix ló kún, tí VPN wá gba ẹ̀yìnkùlé.

Wáyà Ṣàgámù: Ó ṣeé ṣe. Ẹ tún un ṣe ní aago mẹ́rin ìdájí. Ọ̀nà tó kún á ti tú nígbà yẹn. Bó bá ṣì ń gbé 2, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe.

Ìyá Àlàkẹ́: 20 yẹn gan-an ńkọ́? Gígábáìtì kan mà ń gbà tó ìṣẹ́jú méje!

Wáyà Ṣàgámù: Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, mà. Bíìtì ni wọ́n fi ń ka Mbps, báìtì ni wọ́n fi ń ka fáìlì, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì 1. 20 Mbps jẹ́ 2.5 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Adé Òdogbolú: Ọjọ́ Ojúde Ọba ni kẹ́ ẹ wá wò ó. Ọ̀pá mẹ́rin lójú fóònù, fọ́tò kan ò gbéra. Agbára àmì láti orí òpó ni ọ̀pá yẹn ń sọ, kì í sọ iye èèyàn tó ń pín in. Gbogbo Òde ló ń gbé fídíò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àtigbé nǹkan sókè ló tóóró jù.

Ọmọ Rẹ́mọ: Ẹ dá aṣọ olówó ńlá, ẹ gun ẹṣin, ẹ wá ń bẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì 😂

Adé Òdogbolú: Ẹ̀yin tí katakata ń gé fáíbà yín lójoojúmọ́!

Wáyà Ṣàgámù: Ẹ má fi fáíbà ṣeré, okùn dígí tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Bó bá já, wọ́n á bó okùn dígí yẹn, wọ́n á fi spírítì nù ún, wọ́n á gé orí ẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀rọ tó fi iná jó o pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Eruku bíńtín, iṣẹ́ bàjẹ́. Bí gbogbo síìmù bá wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, okùn ni kẹ́ ẹ fura sí. Ní March 14, 2024, okùn íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ló já nísàlẹ̀ òkun nítòsí Abidjan.

Kò-tètè-gbà: Dátà "WhatsApp nìkan" tó pọ́ọ́kú yẹn ńkọ́? Ojúsàájú kọ́ nìyẹn? Íńdíà fòfin dè é ní 2016.

Ìyá Àlàkẹ́: Ẹ fi sílẹ̀ fún wa jàre! Orí ẹ̀ làwọn tó ń ta gàrí ti ń gba oníbàárà.

Kò-tètè-gbà: Ẹni tó bá ṣe áàpù tuntun lónìí ńkọ́, mà? Ta ni yóò lò ó?

Ọmọ Rẹ́mọ: Amẹ́ríkà pàápàá ò mọ èyí tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ṣòfin ní 2015 pé kí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì má ṣe ojúsàájú, wọ́n fagi lé e ní 2017, wọ́n dá a padà ní 2024, ilé ẹjọ́ tún wọ́gi lé e ní January 2025.

Ọmọ Ọbańta: Ibo la ti ń fẹjọ́ sùn níbí?

Wáyà Ṣàgámù: Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ yín ná, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lórí 622. Ẹ fi àwòrán àyẹ̀wò pa mọ́, kí ọjọ́, wákàtí àti àdúgbò wà lára ẹ̀. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa" nìkan ò ní gbé yín débì kan.

Ìyá Àlàkẹ́: Orí fìríìjì ni ráútà tèmi wà o.

Wáyà Ṣàgámù: Háà, màmá! Irin ni fìríìjì, ó ń dí àmì lọ́wọ́. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òpó, kẹ́ ẹ wo RSRP, ìyẹn ìwọ̀n agbára àmì, nínú ráútà: -85 dáa, -110 á máa já.