Lẹ́tà owó tí mo dá padà lófìfo

Ìyá Ìbejì, Houston:

Ẹ ní kálukú sọ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ tó ń dìbò fún kọ́kọ́ já a kulẹ̀. Tèmi, mo mọ ọjọ́ náà dáadáa: October 3, 2005.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mi ò tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, mo gbé omi ògì kaná, mo tan tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní Ààrẹ Bush ti yan Harriet Miers sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lọ́yà ààrẹ fúnra rẹ̀, ará Dallas níbí, tí kò ṣe adájọ́ rí fún ọjọ́ kan. Omi hó, ó dà sórí sítóòfù, mi ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2004 ni mo kọ́kọ́ dìbò ní Amẹ́ríkà, Bush ti ẹgbẹ́ Republican ni mo sì dìbò fún. Kì í ṣe torí owó orí, kì í ṣe torí ogun Iraq. Torí adájọ́ ni. Ààrẹ á lo ọdún mẹ́jọ, ó pọ̀ jù. Adájọ́ ilé ẹjọ́ yẹn, àfi tó bá kú tàbí tó bá fúnra ẹ̀ fẹ̀yìn tì. A wọlé, a ní sẹ́nétọ̀ 55 nínú 100. Mo ní ọ̀rọ̀ bùṣe. Àṣé rárá! Ní May 2005, sẹ́nétọ̀ 14, méje láti inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti lọ ṣe àdéhùn tiwọn lórí àwọn adájọ́ Bush tí ẹgbẹ́ Democrat ò jẹ́ kí wọ́n dìbò lé lórí. McCain, sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ wa, wà níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí adájọ́ mẹ́ta kọjá, títí kan Priscilla Owen ti Texas wa. Wọn ò ṣèlérí kankan fún àwọn méjì kan. Àwa tá a borí là ń bẹ̀bẹ̀!

Ìyẹn ni mi ò tíì gbé mì tí ti Miers fi dé, tí wọ́n ní ká ṣáà fọkàn tán ààrẹ. Bàbá Bush náà ló yan Souter sí ilé ẹjọ́ yẹn ní 1990, tí wọ́n ní ká fọkàn balẹ̀. Ní 1992, Souter wà lára àwọn tó ní kí wọ́n má fagi lé ẹ̀tọ́ oyún ṣíṣẹ́. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá.

Mo pe ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ kan. Ọmọkùnrin tó gbé e ní òun á jíṣẹ́. Mo bi í pé ṣé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó dákẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà tí ẹgbẹ́ fi ń tọrọ owó dé: $25, $50, $100, kí n mú ọ̀kan. Mi ò mú ìkankan. Mo fi bírò pupa ibi iṣẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà pé adájọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún mi, owó á tẹ̀ lé e, mo fi sínú àpòòwé tí wọ́n ti sanwó sítáàǹpù ẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ta ló máa kà á?

October 27, Miers yọwọ́. October 31, wọ́n yan Adájọ́ Alito dípò ẹ̀. Kò dájú pé èmi nìkan ló ní bírò pupa. Ní 2008 wọ́n tún gbé McCain fún wa láti du ipò ààrẹ, Palin sì ni igbákejì ẹ̀. Palin ni mo dìbò fún. McCain kàn tẹ̀ lé e ni.

Bàbá Tolú, Maryland:

Ẹ̀gbọ́n, èmi ò tiẹ̀ jáde nílé ní 2008. Adájọ́ Roberts tí Bush yàn, tá a ń yìn ní 2005, kọ́ ló gba òfin ìlera Obama là ní 2012? Nígbà tí Trump wá kọ orúkọ adájọ́ 11 tó lè yàn sílẹ̀ ní May 2016, lẹ́yìn tí Adájọ́ Scalia kú, mo tẹ̀ ẹ́ síwèé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Ìyàwó mi bi mí bóyá àwọn tá a fẹ́ pè sí ìsọmọlórúkọ ni. Ẹ wá wò ó, Gorsuch tí wọ́n padà yàn ò sí lórí ìwé mi. September ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, ìyẹn ló tó mi.

Lọ́yà, Chicago:

Mà, ẹ má bínú. Obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe olórí ẹgbẹ́ lọ́yà Texas ni Miers. Ní May, à ń pariwo pé gbogbo ẹni tí ààrẹ bá yàn ló yẹ kí wọ́n dìbò lé lórí. Ní October, àwa fúnra wa ni ò jẹ́ kó dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ rárá. Mo bá wọn pariwo nígbà yẹn o. Ó ṣì ń rùn sí mi.

Ìyá Ìbejì, Houston:

Lọ́yà, o mú mi níbẹ̀. Mi ò ro ọ̀nà ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tí lẹ́tà yẹn bá tún dé lọ́la, bírò ni màá wá.