Wọ́n fẹ́ sọ fọ́ǹkì wa di dísíkò: ṣé kí n dúró ni àbí kí n lọ?

Afunfèrè Mọ́kọ́lá:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Tírọ́mpẹ́ẹ̀tì ni mo ń fun. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti wà nínú báńdì kan n'Íbàdàn níbí. Àwa mẹ́jọ ni: fèrè mẹ́ta, gìtá méjì, béèsì, kíbọ́ọ̀dù àti dírọ́ọ̀mù. Fọ́ǹkì ayé àtijọ́ là ń ṣe, orin ijó àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí béèsì, dírọ́ọ̀mù àti fèrè ń darí. A ò ní akọrin kan pàtó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sí lẹ́nu níí kígbe, fèrè á sọ ìyókù. Orin wa kan lè gbà tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá, inú ò sì bí ẹnikẹ́ni rí, àfi olóde tó ń retí kí wọ́n dárúkọ òun kí wọ́n lè wá ná òun lówó.

Oṣù tó kọjá ni ọ̀gá wa mú ọmọkùnrin kan wá pé òun ni yóò máa kọrin. Ohùn rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ń gbé fóònù lé orí áńpù, tó ń fi ka ìṣẹ́jú. Orin kan ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Dírọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ máa dún gbì, gbì, gbì, gbì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹni ń gúnyán. Èmi tí mo máa ń dá fun fèrè títí ojú á fi pọ́n mi, báà mẹ́jọ péré, ìyẹn kíka ọ̀kan dé mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ni wọ́n kù sí mi lọ́wọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n gé e di mẹ́rin. Ó ní pọ́ọ̀pù àti dísíkò layé ń fẹ́, pé bí Kool & the Gang, báńdì Amẹ́ríkà nì, náà ṣe ṣe é nìyẹn tí wọ́n fi là.

Àwọn afunfèrè méjì tó kù ti ní àwọn ń lọ. Ṣé kí n bá wọn lọ? Ṣé òótọ́ lọ̀gá ń sọ, àbí ó kàn ń fi orúkọ ńláńlá dẹ́rù bà wá?

Bàbá Aláwo Sùúrùlérè:

Àbúrò, o kú ìrọ́jú. Ilé ijó ni mo ti ń yí àwo láti 1980 títí di 1984, torí náà ilé mi lo wá béèrè ọ̀nà sí. Òótọ́ lọ̀gá yín sọ, àmọ́ ìdajì ló sọ.

Jersey City ní New Jersey làwọn ọmọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Jáàsì ni wọ́n ń ṣe, Jazziacs ni wọ́n sì ń jẹ́. Robert Bell tí wọ́n ń pè ní Kool ló ń ta béèsì, àbúrò rẹ̀, Ronald, ń fun sásófóònù. Ní 1973 wọ́n ṣe Wild and Peaceful, àwo tí Jungle Boogie àti Hollywood Swinging wà nínú rẹ̀. Ìwọ lọ gbọ́ Jungle Boogie. Ohùn tó ń bú ramúramù bíi ti ẹkùn nínú rẹ̀, ta lo rò pé ó ni ín? Don Boyce ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wọn ru ẹrù báńdì! Ibi tí wọ́n fi akọrin sí nígbà náà nìyẹn. Fèrè ló nilé.

Ìgbà tí dísíkò wá gba ìgboro, ọjà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n gbé Open Sesame jáde ní 1976, ó tilẹ̀ wọ inú àwo fíìmù Saturday Night Fever lọ́dún kejì, síbẹ̀ kò gbé wọn padà sórí àga wọn. Bí mo bá ń gbọ́ àwọn àwo wọn ti àsìkò yẹn, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n yá aṣọ wọ̀ lọ sóde, tí apá aṣọ náà kúrú.

1979 ni wọ́n mú J.T. Taylor wọlé gẹ́gẹ́ bí akọrin. Lọ́dún yẹn kan náà ni Eumir Deodato di puródúsà wọn, ọmọ Rio de Janeiro tí òun fúnra rẹ̀ mọ jáàsì dénú. Àwo Ladies' Night jáde. Orin tó ni orúkọ àwo náà dé ipò 8 lórí Hot 100 ti Billboard, àtẹ àwọn orin tó ń lọ jù ní Amẹ́ríkà, Too Hot dé ipò 5. Lẹ́yìn ọdún kan, Celebration dé, nígbà tó sì di oṣù kejì 1981, ó gba ipò kìíní. Òun nìkan lorin wọn tó débẹ̀ rí.

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ kí o fetí sí rèé. Gbọ́ Hollywood Swinging, kí o sì gbé Celebration tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ṣé fèrè kúrò? Kò kúrò! Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ló yí padà. O mọ dùndún dáadáa, ọmọ Ìbàdàn ni ọ́. Nínú Jungle Boogie, fèrè ni ìyáàlù, òun ló ń pòwe. Nínú Celebration, J.T. ti di ìyáàlù, fèrè di omele: ṣókí, ṣókí, á bu ọ̀rọ̀ sí i níbi tí akọrin bá ti mí. Béèsì Kool ò kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Báà mẹ́rin tí wọ́n fún ọ kì í ṣe ìyà. Ibi tí wọ́n fi báà mẹ́rin náà sí ni kí o bá wọn jà lé lórí.

Ọmọ Àmàpiánò:

Ta ló tún ń gbọ́ fèrè láyé ìsìn yìí? Kí ẹ ra kọ̀ǹpútà, gbogbo ohùn fèrè ti wà nínú ẹ̀.

Bàbá Aláwo Sùúrùlérè:

Ọmọ, lọ jẹun.

Ìyá Ìbejì, Peckham:

Àbúrò mi, Bàbá ti sọ ti orin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, nítorí ọkọ mi náà ṣe báńdì rí, mo sì mọ ohun tójú mi rí. Wọ́n gba akọrin tuntun, orin wọn lọ, àwòrán akọrin nìkan ló wà lára páálí. Nígbà tí owó dé, ẹni tó kọ ohùn fèrè tí gbogbo èèyàn ń fi ẹnu kọ, kò rí kọ́bọ̀. Ọkọ mi nìyẹn. Títí di òní, bí orin náà bá dún lóde, ńṣe ló máa ń dìde lọ sí ìdí ọkọ̀.

Torí náà, orúkọ ta ló máa wà lórí orin tuntun yín? Ẹ wo Celebration: lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Ronald Bell, orúkọ báńdì náà wà níbi tí wọ́n kọ àwọn tó ni orin sí. Kí ọ̀gá yín fi ìyẹn kún ohun tó ń kọ́ lára wọn.

Ohun kejì. Ẹ ti gbé gbogbo ilé lé orí ohùn ẹnì kan, bó bá wá lọ ńkọ́? J.T. Taylor fi wọ́n sílẹ̀ ní 1988, ó lọ ń dá kọrin. Orin wọn Cherish ti dé ipò 2 ní 1985. Wọn ò rí irú ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti lọ. Kí ẹ̀yin náà máa kọ́ bí a ti ń gba ègbè dáadáa.

Alhaji Onígìtá:

Ẹ kú àlàyé, Ìyá Ìbejì. Èmi fẹ́ fi díẹ̀ kún un, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé ńṣe ni Kool & the Gang kàn sá tẹ̀ lé dísíkò. Ẹ wo ọjọ́ o. Ọjọ́ 12 oṣù keje 1979 ni àwọn tó kórìíra dísíkò kó àwo rẹ̀ jọ ní pápá ìṣeré Comiskey Park ní Chicago, tí wọ́n fi bọ́ǹbù fọ́ ọ, tí èrò ya wọ orí pápá. Ladies' Night ò tíì jáde nígbà náà! Ìgbà tí wọ́n ń lé àwọn ẹlòmíràn jáde nínú ilé dísíkò làwọn wọ̀yí ń wọlé. Ẹni tó bá kàn ń tẹ̀ lé àṣà ìgbà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Orin tó rọrùn láti bá wọn kọ ni wọ́n mú wọlé, dírọ́ọ̀mù ijó wà nídìí ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi bá dísíkò kú.

Ronald Bell, mùsùlùmí ni, Khalis Bayyan ni wọ́n tún ń pè é. Àlàyé tó ṣe ni pé ìtàn bí Ọlọ́run ṣe dá Ádámọ̀, tí àwọn màlékà ń yìn Ín, ló gbé Celebration wá sí òun lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi í jó lóde ìgbéyàwó, ẹ ò mọ̀ pé wáàsí lẹ ń jó sí.

Nílé níbí náà ńkọ́? Ẹ rántí báńdì BLO: Berkley Jones, Laolu Akins, Mike Odumosu. Gìtá líle ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nínú àwo Chapter One lọ́dún 1973. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe Bulky Backside, orin ijó ni. Laolu tó ń lu dírọ́ọ̀mù níbẹ̀, òun ló ṣe puródúsà fún Shina Peters nígbà tí àwo Ace jáde ní 1989, tí gbogbo ìlú ya wèrè. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ohun tó kọ́ nídìí orin ijó ló gbé lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ o, èmi kì í gbọ́ Cherish. Ẹ̀kọ tútù láìsí mọ́ínmọ́ín ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Summer Madness tí Kool àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ní 1974 ni kí ẹ fi sí i fún mi.

Afunfèrè Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo lọ sí rìháásà lánàá. Mo ní kí ọ̀gá má fi báà mẹ́rin mi sí àárín orin mọ́, kí ó pín in sí méjìméjì, kí n máa dá akọrin lóhùn lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. A gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi kó tó kọ ìlà tó kàn. Fóònù orí áńpù ti ka ìṣẹ́jú márùn-ún àti ààbọ̀, ọ̀gá ò wò ó.

Nígbà tí mo wá béèrè orúkọ ta ló máa wà lórí orin, gbogbo ilé dákẹ́. Oníkíbọ́ọ̀dù húkọ́. Ọ̀gá ní, "A ó jókòó lé e lórí."

Onísásófóònù wa ti padà wá. Ẹnì kejì ò wá, kò sì gbé fóònù mi.

Ìyá Ìbejì, Peckham:

"A ó jókòó lé e lórí," ohun tí wọ́n sọ fún ọkọ mi náà nìyẹn. Ọjọ́ wo lẹ máa wọ sítúdíò?

Afunfèrè Mọ́kọ́lá:

Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, mà.

Ìyá Ìbejì, Peckham:

Ra ìwé kékeré kan lọ́la. Kọ déètì òní sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí o sì kọ ẹni tó mú ohùn kọ̀ọ̀kan wá. Kí àwọn tó kù fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀.