Ẹ gbà mí o, kí ni kí n ṣe sí àpótí ìyá mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mò ń gbé. Oṣù tó ń bọ̀ lèmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Ìlú Ọba. Báàgì méjì-méjì ni wọ́n fún wa, kílò 23 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún mọ́kànlá la sì fi kó ẹrù jọ sínú ilé yìí!

Ti fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ ò le, àwọn aládùúgbò ti ń ná wọn. Àpótí páànù ìyá mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló dà mí láàmú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló kún inú ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya. Òórùn aró ò tíì kúrò lára wọn. Bí mo bá ṣí i báyìí, ṣe ló dà bíi pé màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ sọ́jà ni.

Ìyàwó mi ní ká mú méjì, ká pín ìyókù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ta ló ń pín aṣọ ìyá ẹ̀ fún ará ìta. Ilé tiẹ̀ náà sì ń jò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kábàámọ̀ pé ẹ fi sílẹ̀? Kí lẹ gbé lọ tí kò wúlò? Bí aṣọ wọ̀nyí bá máa dúró sílé, kí ni mo lè fi sí wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n? Kàfúrà máa ń mú mi sín.