"Ọba kú" kò bá ṣẹ́ẹ̀sì mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún eré ṣẹ́ẹ̀sì, ẹnì kan dábàá pé bí wọ́n bá ti ká ọba mọ́ tí kò rí ibi sá, tí eré sì parí ("checkmate"), "ọba kú" ni kí á máa wí. Àgbà kan tún un ṣe sí "ọba wàjà", torí ọba Yorùbá kì í kú. N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹni tó wàjà, ọba mìíràn ni yóò gorí ìtẹ́ rẹ̀. Ọba orí pátákó kò lọ ibì kankan.

Gbogbo ọmọ ayò yòókù la lè jẹ, a kì í jẹ ọba. Ẹ wo ayò ṣẹ́ẹ̀sì tí aláyò méjì, Légal àti Saint Brie, ta ní ilé kọfí Café de la Régence ní Paris, ní nǹkan bí ọdún 1750. Légal mọ̀ọ́mọ̀ fi olorì rẹ̀ sílẹ̀, Saint Brie sì jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí bíṣọ́ọ̀bù kan àti ẹṣin méjì fi ká ọba Saint Brie mọ́. Ìgbésẹ̀ keje leré parí. Ọba yẹn wà láàyè! Olorì rẹ̀ àti bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn gan-an ló tún dí i lọ́nà àtisá.

Àwọn tó ní "ọba kú" ni ìtumọ̀ "shah mat" ti Páṣíà, tí "checkmate" ti wá, ń fi èdè Lárúbáwá tú u, níbi tí "mata" ti jẹ́ "ó kú". Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ní Páṣíà, ẹni tí ọ̀rọ̀ tojú sú ni "mat".

"Ọwọ́ tẹ ọba" ni tèmi. Ààyè lọwọ́ ń tẹ èèyàn. Ó sì yàtọ̀ sí "ọba há", èyí tí mo fẹ́ kí á fi pe ìgbà tí ẹni tó kàn kò ní ọmọ ayò kankan tó lè sún, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dojú kọ ọba rẹ̀. Ìyẹn, ọ̀mì ni, bí àwọn aláyò ti ń wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí á da méjèèjì pọ̀: ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí lè há ọba alátakò rẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀, kó rò pé òun ti jẹ, kó sì jẹ́ pé ọ̀mì ló ta.

Ní ti "ṣọ́ ọba", tí wọ́n dá lábàá fún ìgbà tí a dojú kọ ọba tó ṣì lè sá, mo fara mọ́ ọn.